Bí Asẹ́ Omi Tí À Ń Gbé Wọ Igbó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ gun òkè láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè mu lítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, ká má tíì ka èyí tó máa fi se oúnjẹ. Bó bá fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́rin nínú igbó, tó sì ní òun á gbé gbogbo omi òun láti ilé, omi nìkan á ti lé ní kílò méjìlá lẹ́yìn rẹ̀, àgọ́ ń dúró, aṣọ òtútù ń dúró, oúnjẹ ń dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń rin Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí òkè láti ìpínlẹ̀ Georgia dé Maine, tó lé ní 3,500 kìlómítà, kì í sábà gbé ju lítà kan sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Odò àti ìsun tí wọ́n bá bá lọ́nà ni wọ́n ń pọn. Asẹ́ kékeré kan tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ ló wà láàárín odò náà àti ọ̀nà ọ̀fun wọn.

Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé ó ń sọ omi di mímọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ ju iṣẹ́ asẹ́ lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni asẹ́ mọ̀: ohun tó bá tóbi ju ihò rẹ̀ lọ, ó ń dá a dúró, ohun tó bá kéré sí ihò náà, ó ń jẹ́ kó kọjá. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra asẹ́ béèrè: báwo ni ihò rẹ̀ ṣe tó, kí ló sì ṣeé ṣe kó wà nínú odò tí mo fẹ́ pọn? Àwọ̀ ike, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti iye owó, ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n tò sí.

Ẹ jẹ́ ká wo inú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lónìí. Sawyer Squeeze ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rin ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà ń lò. Katadyn BeFree àti LifeStraw tún wà, bákan náà ni iṣẹ́ wọn rí. Sawyer yìí wúwo tó nǹkan bí 85 gíráàmù. Bí èèyàn bá la ike rẹ̀, ìdì òwú funfun kan ló máa bá nínú rẹ̀, tí wọ́n ká po sí méjì. Òwú náà kì í ṣe òwú ìránṣọ: inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá lu láti ẹnu kan dé ẹnu kejì. Ibi tí wọ́n ti ká a ló kọjú sí ẹ̀gbẹ́ omi odò, kò sì sí ẹnu kankan níbẹ̀. Ẹnu méjèèjì òwú kọ̀ọ̀kan wà ní òdìkejì, níbi tí wọ́n ti fi àtè líle mọ gbogbo wọn pọ̀, tí ẹnu wọn sì ṣí sí ibi tí omi ti ń jáde. Omi odò á wọlé, á yí òwú náà ká, kò sì ní rí ọ̀nà mìíràn jáde àfi kó gba ara òwú wọ inú rẹ̀, kó wá ṣàn lọ sí ẹnu. Ara òwú yẹn ni ihò tí à ń sọ wà, àìmọye ihò. Irú òwú bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ nílé ìwòsàn.

Máíkírọ́nù ni wọ́n fi ń wọn ihò náà. Pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan níbẹ̀ ni máíkírọ́nù kan. Irun orí èèyàn fẹ̀ tó nǹkan bí 70 máíkírọ́nù. Ihò Sawyer àti ti BeFree kò ju 0.1 máíkírọ́nù lọ; ti LifeStraw tí à ń fi ẹnu fà jẹ́ 0.2. Omi kò lè fúnra rẹ̀ yára gba irú ihò bẹ́ẹ̀ kọjá, agbára ló ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da omi odò sínú àpò rírọ̀, tí wọ́n á de asẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tí wọ́n á wá máa fún un. Àwọn mìíràn ń fi ẹnu fà á. Bí èrò bá pọ̀ ní ibùdó, wọ́n á so àpò ńlá kọ́ ẹ̀ka igi, wọ́n á so asẹ́ mọ́ rọ́bà tó wá sílẹ̀, ìwúwo omi á máa ti ara rẹ̀ kọjá bí wọ́n ṣe ń pa àgọ́.

Ohun kan wà nínú ìṣe asẹ́ yìí tó wù mí láti ṣàlàyé, torí pé ó wúlò, àwọn tó ń lò ó pàápàá kò sì mọ̀ ọ́n tán. Bí ara òwú bá ti rin dáadáa, omi á di inú ihò wọ̀nyẹn mú gírígírí, èémí èèyàn kò sì lágbára tó láti tì í jáde. Gbọn omi inú asẹ́ tó ti rin dànù, fi ẹnu sí ibi tí omi mímu ti ń jáde, kí o sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí asẹ́ náà bá pé, atẹ́gùn kò ní kọjá, ńṣe ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ máa wú. Bí atẹ́gùn bá ń kọjá fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, òwú kan ti já nínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kọ àyẹ̀wò yìí sínú ìwé ìlò asẹ́ wọn. Kò lè fi gbogbo àbùkù hàn, torí ojú sísán tó kéré gan-an ṣì lè di omi mú kó sì dá èémí dúró. Àmọ́ òwú tó já pátápátá, ó máa ń tú u fó.

Ó ku ohun tó wà nínú omi. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, a mọ̀ ọ́n nílé. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìbàràpá tàbí Òkè-Ògùn ṣáájú 1990 kò ní béèrè ohun tó ń jẹ́ sòbìà. Kòkòrò omi kan wà tí kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún àti kànga tí ẹnu rẹ̀ ṣí. Òun ló ń gbé ọmọ sòbìà sínú. Ẹni tó bá bu omi náà mu, ikùn rẹ̀ á da kòkòrò ọ̀hún, ọmọ sòbìà á bọ́ sínú ara, á dàgbà fún bí ọdún kan, á gùn tó mítà kan, á wá lu awọ ẹsẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Oró rẹ̀ á mú kí aláìsàn fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Bó bá ti kì í bọ̀ ọ́ báyìí, sòbìà á tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi, kòkòrò omi á gbé wọn jẹ, ó di ti ẹlòmíràn. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000.

Asẹ́ ló lé e lọ, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún àti ìwàásù ìlera láti abúlé dé abúlé. Kòkòrò tó tó mìlímítà kan jẹ́ 1,000 máíkírọ́nù, aṣọ tí ojú rẹ̀ mọ́ra ti tó láti dá a dúró, kò nílò ju kí a dè é mọ́ ẹnu ìkòkò lọ. Ní Ìdèrè, àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará ìlú jókòó lórí bí wọ́n ṣe máa rán aṣọ asẹ́, bí wọ́n ṣe máa tà á, àti bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe máa lò ó. Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà kiri abúlé pẹ̀lú Carter Center, àjọ tí Jimmy Carter tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀. Ẹni tó ní in gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Enugu ló wà, ní November 2008. Ní December 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà. Lágbàáyé, iye tó jẹ́ bíi mílíọ̀nù 3.5 lọ́dún ní 1986 ti di èèyàn 14 ní 2023. Mi ò mọ ohun èlò mìíràn tí owó rẹ̀ kéré tó aṣọ yìí tó ṣe irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀.

Ilé nìkan ni aṣọ ẹnu ìkòkò ti wúlò. Àgbẹ̀ tó lọ sóko àti darandaran tó ń tẹ̀ lé màlúù ń mu omi níbi tí òùngbẹ bá ti bá a. Fún irú wọn ni wọ́n ṣe ṣe ọ̀pá kékeré kan tí aṣọ ọ̀rá wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi okùn sí kí èèyàn lè gbé e kọ́ ọrùn, kó bẹ̀rẹ̀ sí odò, kó sì fi fa omi. Ní 2001, wọ́n pín ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án irú ọ̀pá yìí ní Sudan. Ilé-iṣẹ́ Vestergaard, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Denmark, wà lára àwọn tó bá Carter Center ṣe asẹ́ sòbìà, láti inú iṣẹ́ yẹn sì ni LifeStraw ti jáde ní 2005. Ẹni tó bá fi ọ̀pá yẹn ń fa omi ìsun lórí òkè ní Colorado lónìí, ẹsẹ̀ tó ń ro àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ló bí ohun tó mú dání.

Aṣọ ṣì ní iṣẹ́ kan sí i. Ní Bangladesh, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Rita Colwell, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn obìnrin abúlé ká ògbólógbòó aṣọ sárì sí ìṣẹ́po mẹ́rin sẹ́nu ìkòkò tí wọ́n bá ń pọn omi. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2003: àrùn onígbáméjì dín kù ní ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Kòkòrò onígbáméjì fúnra rẹ̀ kéré ju ojú aṣọ lọ fíìfíì, àmọ́ ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara irú kòkòrò omi tó ń gbé sòbìà yẹn, aṣọ á wá kó ẹni tó gùn àti ẹni tó ń gbé e pọ̀. Ìdá 48 kì í ṣe gbogbo rẹ̀, níbẹ̀ sì ni asẹ́ olówú ti wọlé. Kòkòrò onígbáméjì, ti táífọ́ọ̀dù àti E. coli fẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì máíkírọ́nù, wọ́n sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Giardia, tí ẹranko beaver àti èèyàn ń yà sínú odò ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń mú kí ikùn máa ru tí ìgbẹ́ sì ń rùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tó máíkírọ́nù 8 sí 12. Cryptosporidium tó 4 sí 6. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gba ihò 0.1 tàbí 0.2 kọjá.

Fáírọ́ọ̀sì lè gba ibẹ̀. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé èérí nìkan ló ń kù sórí asẹ́, ògì á bá omi sọ̀ kalẹ̀ sínú ọpọ́n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì ń ṣe. Ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ A àti ti rọpárọsẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.03 máíkírọ́nù lọ, norovirus tó ń mú èèyàn bì kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru kò fi bẹ́ẹ̀ jù wọ́n lọ. Kódà, ipasẹ̀ asẹ́ ni ayé fi mọ̀ pé ohun kan wà tó ń jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ní 1884, Charles Chamberland tó ń bá Louis Pasteur ṣiṣẹ́ ní Paris fi amọ̀ tánganran tí wọn kò fi ìdán pa ṣe asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá. Ní 1892, Dmitri Ivanovsky ní Rọ́ṣíà da omi ewé tábà tó ń ṣàìsàn gba inú asẹ́ yẹn, omi tó jáde sì tún kó àrùn ran ewé tó yè. Ohun kan kọjá tó kéré ju gbogbo kòkòrò tí wọ́n mọ̀ nígbà náà lọ.

Bí odò bá jìnnà sí ibùgbé èèyàn, tí ẹranko nìkan ń mu níbẹ̀, ewu fáírọ́ọ̀sì kéré, torí pé fáírọ́ọ̀sì tó ń bá èèyàn jà, ara èèyàn ló sábà ń jáde láti inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí asẹ́ lásán fi ń tó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rin orí òkè ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ yí padà. Láàárín April sí June 2022, àwọn tó lé ní 200 lára àwọn atukọ̀ ojú odò àti àwọn arìnrìn-àjò ní Grand Canyon ni inú run, norovirus sì ni wọ́n bá nínú àyẹ̀wò. Ọwọ́ tí wọn kò fi ọṣẹ fọ̀ wà lára ọ̀nà tó ń gbà ràn, asẹ́ kankan kò sì lè dí ọ̀nà yẹn. Ní Nàìjíríà, ìwádìí WASHNORM lórí omi àti ìmọ́tótó ní 2021 fi hàn pé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 40 ló ń yàgbẹ́ ní gbangba. Ọ̀dọ́ tó gbé Sawyer rẹ̀ bọ̀ láti London, tó fẹ́ gun òkè Ìdànrè tàbí tó fẹ́ rin gba ẹ̀gbẹ́ ìṣàn Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé asẹ́ nìkan. Òjò kan ṣoṣo ti tó láti gbé ohun tó wà nígbó lọ sínú odò.

Kí ni kó ṣe? Kó se omi náà. Ìmọ̀ràn CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ni pé kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Lórí òkè tó ga ju nǹkan bí 2,000 mítà lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí pé ibẹ̀ ni omi ti ń hó kó tó gbóná tó bó ṣe yẹ. Bí kò bá sí iná, kó lo oògùn omi oníhóró bíi Katadyn Micropur, tó jẹ́ chlorine dioxide. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti pa fáírọ́ọ̀sì àti bakitéríà, ṣùgbọ́n Cryptosporidium le lójú débi pé wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ní kí a fún un. Áyódìn kò tilẹ̀ ràn án. Ẹ wò ó bí asẹ́ àti oògùn ṣe bá ara wọn mu: èyí tó ń ṣòro fún oògùn láti pa ni asẹ́ ń dá dúró wẹ́rẹ́, èyí tó ń bọ́ lọ́wọ́ asẹ́ ni oògùn ń yára pa. Nítorí náà, sẹ́ omi ná, kí o tó fi oògùn sí i. Ẹrẹ̀ inú omi tí a kò tíì sẹ́ á ti gba agbára oògùn náà kó tó kan kòkòrò. Iná ìtànṣán UV tí wọ́n ń tì bọ inú ike omi náà ń ṣiṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì, àmọ́ omi tó mọ́ gaara ló ń fẹ́, ó sì ń fẹ́ bátìrì. Àwọn asẹ́ kan wà tó ń mú fáírọ́ọ̀sì, bíi MSR Guardian tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.02 máíkírọ́nù, wọ́n wúwo, owó wọn sì ga.

Ohun tó ti yòrò sínú omi kò ní ìwọ̀n tí asẹ́ olówú lè fi mú un: iyọ̀, òjé, oògùn apakòkòrò tí òjò wọ́ láti oko. Èédú tí wọ́n ń fi sínú àwọn asẹ́ mìíràn ń mú òórùn, ìtọ́wò burúkú àti díẹ̀ lára kẹ́míkà, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mí láti kọ èyí nípa odò Ọ̀ṣun. Láti ìgbà tí àwọn awakùsà góòlù ti ń tú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni omi rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, ní 2022 sì ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn kí wọ́n má ṣe mu ún lásìkò ọdún Ọ̀ṣun. Asẹ́ lè mú ẹrẹ̀ kúrò nínú omi bẹ́ẹ̀, kó jáde ní mímọ́ lójú, kí májèlé rẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Síse náà kò ràn án. Bákan náà ni omi tí ewé-òbu oní-májèlé bá hù sí: ní July 2020, ọgbà Zion National Park ní Utah kìlọ̀ nípa odò Virgin nítorí irú májèlé yìí. Irú omi méjèèjì yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ wá omi lọ síwájú.

Ìtọ́jú asẹ́ kò le, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹrẹ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Jẹ́ kí omi rúrú tòrò sínú garawa tàbí àpò, kí o fi aṣọ sẹ́ ẹ kó tó dé inú asẹ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, tó sì jẹ́ irú Sawyer, síríǹjì tí wọ́n tà pẹ̀lú rẹ̀ ni kí o fi ti omi mímọ́ gba ẹnu rẹ̀ padà sẹ́yìn, kó lé ìdọ̀tí kúrò lára òwú. Omi mímọ́ ni, kì í ṣe omi odò. Omi odò tó bá gba ibẹ̀ wọlé ti ba apá mímọ́ jẹ́. Bákan náà, ṣọ́ ẹ̀kán omi tó ń kán láti ara àpò ìdọ̀tí sí ẹnu ike mímu. Ẹ̀kán kan péré lè fa ìgbẹ́ gbuuru tí asẹ́ kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Yìnyín ni ọ̀tá kejì, òun ló sì burú jù. Asẹ́ tí a ti lò kì í gbẹ tán nínú. Bí òtútù òru bá mú omi inú òwú dì, ó máa ń wú, á sì fa ara òwú ya. Lówùúrọ̀, asẹ́ náà á rí bó ṣe rí lánàá, omi á máa gba inú rẹ̀ jáde, ó tiẹ̀ lè yára ju tàná lọ, torí pé ihò ńlá ti wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń gbé asẹ́ wọn sínú ọ̀rá, tí wọ́n sì ń gbé e sùn sínú àpò ìsùn, lẹ́bàá ikùn. Asẹ́ tó bá ti dì, kódà bó bá yege nínú àyẹ̀wò èémí, ẹ rà á pààrọ̀. Sawyer kọ ọ́ sára àpótí pé asẹ́ òun mìíràn tó ń jẹ́ Mini lè sẹ́ 100,000 gálọ́ọ̀nù. Katadyn ní BeFree òun á sẹ́ 1,000 lítà. Àwọn nọ́ńbà yẹn kò sọ nǹkan púpọ̀ fún mi, torí òru òtútù kan lè parí gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá padà sílé, ẹ fi síríǹjì ti omi padà gba inú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ kán bílíìṣì díẹ̀ sínú omi mímọ́, kí ẹ jẹ́ kó gba inú asẹ́ kọjá, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí yóò fi gbẹ. Asẹ́ tó ti wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀ lè kọ̀ jálẹ̀ pé omi kò ní kọjá. Kò tíì bàjẹ́, òwú rẹ̀ ló gbẹ. Ẹ rì í sínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́ mọ́jú kó tó di ọjọ́ ìrìn-àjò. Bó bá jẹ́ omi tó ní ẹfun púpọ̀ lẹ fi ń fọ̀ ọ́, ẹ fi fínígà funfun rẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tó fi omi ṣàn án.